Iṣu Oko àti Ìbátan Rẹ̀ Nínú Igbó

Kókó ìjíròrò yìí ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àbùdá iṣu láti ìgbà tí ọmọ ènìyàn ti mú un ti inú igbó wá sí oko. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yẹ àbùdá iṣu 167 wò, ti igbó àti ti oko. Wọ́n ní láti ara iṣu inú ẹgàn kan ni iṣu funfun tí à ń gún níyán ti ṣẹ̀, ní agbègbè odò Ọya. Ní 2020, àwọn mìíràn jiyàn pé iṣu ẹgàn àti iṣu ọ̀dàn ni ó jọ bí i. Èyí ó wù kí ó jẹ́, àṣàyàn ni àwọn àgbẹ̀ ìgbàanì ṣe. Iṣu igbó a máa wọlẹ̀ jìn, a sì máa ní ẹ̀gún. Ìwọ̀nba èyí tí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni wọ́n mú. Àṣàyàn náà ni ó sọ ọ́ di oúnjẹ, òun náà ni ó sì dín oríṣi àbùdá tí ó dé oko kù.

Èbù tún dá kún un. Ẹni tí ó gbin èbù kò gbin ọmọ. Iṣu kan náà ni ó tún gbìn. Bí ẹgbẹ̀rún ebè bá ti ara iṣu kan wá, àrùn tí ó borí ọ̀kan lè borí gbogbo wọn. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àgbàdo Amẹ́ríkà ní 1970: ọ̀pọ̀ jù lọ irúgbìn wọn ni ó jogún ohun kan náà láti ìhà ìyá, àrùn ewé kan sì run nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 ìkórè. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í gbin àgbàdo ní èbù.

Síbẹ̀ iṣu ṣì pọ̀ lóríṣi, àwọn àgbẹ̀ ni ọpẹ́ sì yẹ. Ní ilẹ̀ Olómìnira Benin, àwọn kan a máa wa iṣu tí ó lalẹ̀ hù nínú igbó, wọn a sì máa gbìn ín lọ́tọ̀ fún ọdún mélòó kan. Wọn a tilẹ̀ tẹ́ àpáàdì tàbí òkúta sí ìsàlẹ̀ ebè kí ó má baà gùn wọlẹ̀. Bí ó bá ti jọ iṣu oko, wọn a fún un ní orúkọ, tàbí kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ oríṣi tí ó jọ. Àyẹ̀wò tí a tẹ̀ jáde ní 2006 fi hàn pé àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ ọmọ tí iṣu oko àti iṣu igbó jọ bí, nítorí iṣu ní akọ, ó sì ní abo.

Ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣu ní ìpamọ́. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n iṣu inú ìpamọ́ kì í bá ti igbó pàdé. Níbi tí a bá ti ṣá igbó tán, àgbẹ̀ kò ní rí tuntun wà wálé mọ́.