Ooru Nìkan Kọ́ Ní Í Mú Nǹkan Gbẹ

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi nígbà tí mo wà nílé pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óò máa wá ọ̀nà àtimú yàrá onítáyà gbẹ láàrin òjò dídì, ẹ̀rín ni ǹ bá fi rín. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2014, nígbà tí mo ń gbé ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, tí mo ń bá ọkùnrin kan ṣiṣẹ́ tí ó máa ń fi alùpùpù orí yìnyín háyà fún àwọn tí ó fẹ́ gbafẹ́.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí alùpùpù yìí ti rí. Kò ní táyà. Ohun pẹlẹbẹ gígùn méjì ni ó wà níwájú rẹ̀ tí a fi ń darí rẹ̀. Rọ́bà fífẹ̀ kan tí ó ní eyín ni ó ń yí lábẹ́ rẹ̀, tí ó sì ń tì í lọ lórí òjò dídì. Ní Roseau, ìlú kékeré kan ní àríwá Minnesota, ni ilé-iṣẹ́ Polaris ti ṣe tirẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1956. Ní Quebec ní ilẹ̀ Kánádà, Joseph-Armand Bombardier gbé Ski-Doo jáde ní 1959. Inú tírélà ni wọ́n máa ń kó o sí lọ sí ibi tí wọn yóò ti gùn ún. Tírélà tí mo ń wí kì í ṣe irú èyí tí ń kó sìmẹ́ńtì lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn o. Yàrá kékeré ni, alumíníọ̀mù ni ògiri rẹ̀, pákó ni ilẹ̀ rẹ̀, mọ́tò ni ó sì ń fà á.

Bí wọ́n bá gùn ún dé nírọ̀lẹ́, òjò dídì á ti ki mọ́ abẹ́ alùpùpù pinpin. Ẹ̀wù òtútù, bàtà àti ìbọ̀wọ́ á ti rin. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ sínú tírélà tí a sì ti ilẹ̀kùn, kí ilẹ̀ tó mọ́, omi tí ó yọ́ á ti tún dì. Rọ́bà á lẹ̀ mọ́ pákó, bàtà á le bí òkúta, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà, pàápàá bí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì bá ti ta sí i.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, òtútù mú dé ìwọ̀n 20 Celsius lábẹ́ òdo. Ọ̀gá wa ti lọ sùn. Mo gbé hítà kékeré kan tí ń lo gáàsì propane wọ inú tírélà, mo tàn án, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi àkísà dí gbogbo ihò kí ooru má baà sá lọ, mo sì jókòó tì í. Lójú ara mi, ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Kò pẹ́ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí mi lórí láti òkè àjà. Orí ń fọ́ mi, òòyì ń kọ́ mi, mo fẹ́ dìde, orúnkún mi kò gbà. Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí ó jẹ́ mẹkáníìkì níbẹ̀, ni ó ṣí ilẹ̀kùn láti wá mú irinṣẹ́ rẹ̀. Ó wọ́ mi jáde bí ẹni wọ́ àpò gààrí. Ilé ìwòsàn ni ilẹ̀ mọ́ mi sí, pẹ̀lú oxygen nímú.

Nígbà tí ojú mi wálẹ̀, ó bi mí pé, “Àbúrò, ṣé o fẹ́ yan ara rẹ bí ẹja ni? Ta ní í dáná sínú àpótí tí í tún pa ìdérí rẹ̀ dé?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, bùọ̀dá mi. Mo fẹ́ kí ó tètè gbẹ ni.”

Ó mi orí. “Ooru nìkan kọ́ ní í mú nǹkan gbẹ. Ṣé o ti gbàgbé ọyẹ́ ni?”

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń rò títí mo fi lóye rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, òtútù a máa mú wa láàárọ̀, síbẹ̀ aṣọ tí a sá a máa gbẹ kíákíá, ètè wa pàápàá a máa là. Nígbà òjò, ara lè máa móoru, ṣùgbọ́n aṣọ á wà lórí okùn fún ọjọ́ méjì, á sì máa rùn. Afẹ́fẹ́ tí ó gbẹ, tí ó sì ń fẹ́ kọjá, ni ó ń gbé omi lọ.

Afẹ́fẹ́ dà bí agbè tí ń tóbi sí i bí ó ti ń gbóná. Ní ìwọ̀n 20 lábẹ́ òdo, afẹ́fẹ́ tí ó kún àpótí oníwọ̀n mítà kan ní òró, ní ìbú àti ní gígùn kò lè gbé ju nǹkan bí gíráàmù omi 1 lọ. Ní òdo, ó lè gbé nǹkan bí 5. Ní ìwọ̀n 20 lókè òdo, ó lè gbé nǹkan bí 17. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ tí mo mú gbóná bu omi lára alùpùpù lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó ti kan ògiri tí ó tutù, agbè rẹ̀ súnkì, ó sì da ohun tí ó gbé sílẹ̀. Omi kàn ṣí láti abẹ́ alùpùpù lọ sí òkè àjà ni. Kò jáde nílé. Bí mo bá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta wọlé ni, gíráàmù 1 péré ni ó gbé wá. Bí ó bá gbóná tán, àyè gíráàmù 16 mìíràn wà nínú rẹ̀. Òtútù ìta tí mo ń fi àkísà lé sẹ́yìn, òun gan-an ni aṣọ ìnura tí mo nílò.

Hítà mi tún dá kún ọ̀ràn náà. Gáàsì tí ń jó a máa bí omi: kílò kan propane tí ó bá jó tán, omi tí yóò ti ibẹ̀ jáde lé ní kílò kan ààbọ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé iná tí kò rí afẹ́fẹ́ tó a máa tú carbon monoxide jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò ta ni lójú. Ó ń so mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ ju bí oxygen ti ń so mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn á máa mí, èémí kò sì ní ṣe é láǹfààní. Ẹ sì má gbàgbé pé bẹntiróòlù wà nínú alùpùpù wọ̀nyí. Oru rẹ̀ lè gbiná nínú òtútù bẹ́ẹ̀.

Báyìí ni ẹ̀gbọ́n náà ṣe kọ́ mi. Kí a tó kó alùpùpù wọlé, kí a fi ìgbálẹ̀ gbọn òjò dídì kúrò lára rẹ̀. Ooru tí ń sọ omi di oru tó ìlọ́po méje èyí tí ń yọ́ yìnyín. Ohun tí ìgbálẹ̀ lè gbé, kí a má fi ran iná. Kí a gbá omi tí ó bá yọ́ jáde kí ó tó tún dì. Kí a lo hítà oníná mànàmáná tí ó ní fáànù, tàbí ti dísù tí iná rẹ̀ wà nínú àpótí tirẹ̀, tí ń fa afẹ́fẹ́ tí yóò fi jó láti ìta, tí páìpù sì ń gbé èéfín rẹ̀ padà síta. Kí a ṣí ihò kan nísàlẹ̀ ní ìpẹ̀kun kan, kí a ṣí òmíràn lókè ní ìpẹ̀kun kejì. Kí a fi ẹ̀wù àti bàtà kọ́ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Kí a so ẹ̀rọ tí ń ké bí carbon monoxide bá wà mọ́ ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì sùn síbẹ̀. Nígbà tí a ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, pákó ilẹ̀ ti gbẹ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má ṣe pe èyí ní ìtàn òkèèrè. Gáàsì tí ó fẹ́ pa mí ní Minnesota náà ni jẹnẹrétọ̀ ń tú jáde ní ọ̀ọ̀dẹ̀ tí a ti pa nítorí olè tàbí òjò. Òun náà ni ó ń jáde lára ìkòkò eléèédú tí a gbé wọ yàrá nígbà ọyẹ́. Ta ni nínú wa tí kò tí ì gbọ́ nípa agbo ilé kan tí ó sùn tí kò jí? Ìta gbangba, tí ó jìnnà sí fèrèsé, ni ibùjókòó jẹnẹrétọ̀. Bí orí bá sì ń fọ́ ni nínú yàrá tí iná ń jó, kí a má wá oògùn orí fífọ́. Ìta ni kí a kọ́kọ́ sá sí. Ẹlòmíràn ni ó ṣílẹ̀kùn fún mi. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mẹkáníìkì ń gbàgbé irinṣẹ́.