Ilé onílé ni agbọ́n yìí ń gbé, ó sì ti kó awakọ̀ bàálù láyà sókè!

Bí abẹ́rẹ́ ti wulẹ̀ kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹni tí kò bá gbà, kó bi àwọn awakọ̀ bàálù tó ń ná pápákọ̀ òfúrufú Brisbane, nílẹ̀ Ọsirélíà. Agbọ́n kékeré kan tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé ibẹ̀ ló ń fojú wọn rí màbo.

Agbọ́n yìí kì í gbẹ́ ihò fúnra rẹ̀. Àwọn kòkòrò tó ń jẹ igi ló ń bá a gbẹ́ ẹ. Ìdin wọn á jẹ inú igi lọ, bó bá dàgbà, á dá igi lu, á bá tirẹ̀ lọ. Ihò àlòkù yẹn ni ìyá agbọ́n ń wá kiri, kò sì ní í san kọ́bọ̀! Á yé ẹyin kan síbẹ̀, á wá lọ ṣọdẹ ìdin labalábá. Á ta á, kò ní í kú, ṣùgbọ́n kò ní í lè mira mọ́, kí oúnjẹ ọmọ má baà jẹrà. Á fi amọ̀ dí i, á bọ́ sórí yàrá kejì, títí ihò á fi kún.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ihò igi, ihò irin, ọ̀kan náà ni lójú agbọ́n. Kódà, ihò kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, ilé ni. Bàálù sì ní ọ̀pá kékeré kan níwájú tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Òun ni awakọ̀ fi ń mọ bí eré òun ṣe pọ̀ tó.

Lọ́jọ́ 21, oṣù kọkànlá, ọdún 2013, bàálù ńlá kan dúró ní Brisbane fún nǹkan bíi wákàtí méjì péré. Bó ṣe fẹ́ gbéra, aago eré ń ṣe ségesège, wọ́n bá dá a dúró. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún gbéra, aago tún daṣẹ́ sílẹ̀ lókè! Awakọ̀ figbe ta, ó yí padà, Ọlọ́run sì bá wọn ṣe é, wọ́n balẹ̀ láyọ̀. Kí ni wọ́n bá nínú ọ̀pá? Amọ̀ agbọ́n!

Láti 2016 sí 2019, àwọn onímọ̀ gbé ayédèrú ọ̀pá sí pápákọ̀ náà fún oṣù 39. Ìgbà 93 ni agbọ́n dí wọn pátápátá.

Àtúnṣe ibẹ̀ ò ju kí wọ́n tètè fi ìdérí bo ọ̀pá bí bàálù bá ti balẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.