Orúnkún Ta La Ó Fi Wọn Ìrìn?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, bí a bá dáwó ọkọ̀ láti lọ ṣeré, iye kan náà ni àgbà àti ọ̀dọ́ ń san. Kò yẹ kí ìyá àgbà sanwó tán, kó wá di ẹni tó ń ṣọ́ báàgì nínú ọkọ̀.

Òkè Ìdànrè ò jìnnà, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Ibi ìsinmi wà lọ́nà lóòótọ́. Síbẹ̀, ẹni tí orúnkún ń dùn lè má dé ààfin àtijọ́ tó wà lókè.

Omi Olúmìrìn, tó ń já láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní ìpele 7. Àgbà á jókòó gbádùn ti àkọ́kọ́, ọ̀dọ́ á máa gòkè lọ. Ní Ìkógòsì l'Ékìtì, níbi tí omi gbígbóná àti tútù ti pàdé, kò sí òkè ńlá láti gùn.

Nígbà òjò, àpáta a máa yọ̀. Nígbà ẹ̀rùn, omi a máa fà. Oṣù kọkànlá ló dára jù.

Nítorí náà, ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ béèrè orúnkún kí ẹ tó béèrè owó ọkọ̀.