Ta Ló Ni Iná Ilé Wa?

Lọ́jọ́ kan ni bíìlì iná dé sílé wa ní Brampton. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó ní, "Dádì, ṣé Alectra yìí ni NEPA tibí?" Ẹ̀rín pa mí. Mo ní rárá o. Ó ní, "Ta ló wá ni ín?" Ẹnu mi wọhò. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ wádìí.

NEPA tí àwa dàgbà bá nílé, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Nígbà tó di 2013, wọ́n ta ìpín tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún àwọn oníṣòwò. Káńsù kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ti Ontario níbí yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ní ilé-iṣẹ́ iná tirẹ̀. Ní 2017, Mississauga, Vaughan, Markham, Barrie, Hamilton àti St. Catharines kó tiwọn pọ̀, ó di Alectra. Guelph wọlé ní 2019. Ẹ wò ó bí ìgbà tí mọ̀lẹ́bí da owó pọ̀ ra bọ́ọ̀sì: ohun tí kálukú mú wá ló sọ bí ìpín rẹ̀ ṣe tó. Ti Mississauga ju ti Guelph lọ dáadáa. (OMERS, àjọ owó ìfẹ̀yìntì, náà ní díẹ̀ níbẹ̀, láti ara ti Mississauga.) Àwọn ìlú wọ̀nyí ló ń yan àwọn tó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ olùdarí. Bí èrè bá wà, apá kan ń wọ àpò káńsù wọn.

Brampton ńkọ́? Hẹn-ẹn, ibẹ̀ ló ti dùn mí. Ìlú wa ní tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2001 wọ́n tà á fún Hydro One. Nígbà tó di 2017, àwọn onílé-iṣẹ́ mìíràn yẹn rà á lọ́wọ́ ìjọba Ontario ní mílíọ̀nù 607 dọ́là. Bíìlì kan náà ni èmi àti àbúrò mi tó ń gbé Mississauga ń gbà, àmọ́ káńsù tiwọn ń pín nínú èrè, tiwa kò ní nǹkan kan níbẹ̀.

Kí n má parọ́ o, ìyẹn kò ní kí iná tiwọn pọ́ọ́kú. Ontario Energy Board ló ń fọwọ́ sí iye tí ilé-iṣẹ́ yìí lè gbà lọ́wọ́ wa, yálà ìlú wa ní ìpín tàbí kò ní. Àwọn tó tà á kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Owó gidi wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ta màlúù, ṣé yóò tún máa fún wàrà rẹ̀?

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ọmọ náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Kí wọ́n tó tà á, ṣé wọ́n bi àwọn ará ìlú?" Mo ní èmi ò sí níbí nígbà náà. Àmọ́ mo sọ fún un pé ẹni tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Kánádà nìkan ló lè dìbò káńsù, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè lọ jókòó gbọ́ ìpàdé wọn. Ó ní ká lọ.

Ó ti fi bíìlì náà sínú báàgì ilé-ìwé rẹ̀.