Etí Ẹṣin

Lọ́jọ́ ọdún ní Sokodé, ní ilẹ̀ Togo, ìlù ló ń kéde àwọn ẹlẹ́ṣin Tem kí wọ́n tó yọ. Àwa tí a bá ti Kambolé gba Tchamba wá wòran, gàárì àti aṣọ aláràbarà là ń tẹjú mọ́. Etí ẹṣin ni kí a wò.

Etí kọ̀ọ̀kan ń dá yí. Bí méjèèjì bá nà síwájú gan-an, ẹṣin ti rí nǹkan tó fẹ́ mọ̀ dájú. Bí wọ́n bá rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ara tù ú, bóyá ó tilẹ̀ ń tòògbé. Bí ọ̀kan bá kọ sẹ́yìn, ẹni tó gùn ún ló ń tẹ́tí sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá lẹ méjèèjì mọ́ ọrùn pinpin, tí imú rẹ̀ fún pọ̀, ẹ tètè kúrò níbi tí eyín tàbí pátákò lè dé! Ìrù tó ń jù fìà-fìà nígbà náà kì í ṣe tìtorí eṣinṣin.

Àwọn ọmọdé a máa sá bí ẹṣin bá yán, bẹ́ẹ̀ yíyán kì í ṣe ìbínú. Ẹṣin tí wọ́n yà kúrò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sábà ń yán. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Switzerland rí i pé ohùn méjì ló wà nínú yíyán kan ṣoṣo: ọ̀kan ń sọ bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí ó bàjẹ́, èkejì ń sọ bí ọ̀ràn náà ṣe ká a lára tó. Bí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bá ń gbé koríko bọ̀, kíkùn ló ń kùn jẹ́jẹ́ nínú imú, láìya ẹnu. Bí ó bá fọn imú lójijì, ìkìlọ̀ nìyẹn.

A ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Kí wá ni tẹ̀yìn ń wò lára rẹ̀? Ní 2014, àwọn olùwádìí yunifásítì Sussex gbé fọ́tò ẹṣin tó kọjú sí ọ̀kan nínú garawa oúnjẹ méjì síwájú àwọn ẹṣin. Garawa yẹn ni wọ́n sábà ń lọ bá. Nígbà tí àwọn olùwádìí bo etí tàbí ojú ẹṣin inú fọ́tò, àwọn ẹṣin náà ò mọ èyí tí wọn yóò yàn mọ́.

Ẹṣin kì í rí ọ̀gangan ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, kó gba ẹ̀gbẹ́ wá, kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ Tem, ìbáà jẹ́ Nàgó, kó sì dúró títí etí kan yóò fi yí sọ́dọ̀ rẹ̀.