Ojúlé Inú Kọ̀ǹpútà: Bí Ètò Méjì Ṣe Ń Bára Wọn Sọ̀rọ̀

Orúkọ Ìlúpéjú fi ìwà rẹ̀ hàn: ibi tí ènìyàn péjú sí ni. Àwọn ilé ìtẹ̀wé wà níbẹ̀, Academy Press, tí a dá sílẹ̀ ní 1964, sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń gba iṣẹ́ wọlé àti ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ ní láti ní ibi tí wọn yóò ti máa pàdé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún àwọn ìwé ìlànà shell tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà kan.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà. Èkíní ni fáìlì: ọ̀kan a kọ ọ́, èkejì a kà á; ṣùgbọ́n òǹkàwé lè dé kí òǹkọ̀wé tó parí, kí ó sì gbé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ lọ. Èkejì ni páìpù, tí ó wọ inú Unix ní 1973: ọ̀rọ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀ bí omi, ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni ó ń ṣàn sí. Ẹ̀kẹta ni sọ́kẹ́ẹ̀tì abẹ́lé, tí 4.2BSD, iṣẹ́ Yunifásítì California ní Berkeley, mú jáde ní 1983. Èyí dà bí ojúlé: ó ní àdírẹ́sì láàrin àwọn fáìlì, ẹni tí ó bá kàn án lè gba èsì, bí ènìyàn mẹ́wàá bá sì kàn án, olúkúlùkù ní ìjíròrò tirẹ̀. CUPS, tí ń bójú tó iṣẹ́ ìtẹ̀wé lórí Linux, ń gba iṣẹ́ ní irú ojúlé bẹ́ẹ̀, /run/cups/cups.sock.

Bash lè kan ilẹ̀kùn TCP fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè kan irú èyí. Socat ni í ràn án lọ́wọ́. Ìlà kìíní dúró de àlejò, ìkejì kan ilẹ̀kùn:

socat UNIX-LISTEN:/run/ise/enu.sock,fork,mode=660,unlink-early EXEC:./gba.sh

echo "iwe 12" | socat - UNIX-CONNECT:/run/ise/enu.sock

Ọ̀rọ̀ náà, fork, ni ó jẹ́ kí àlejò púpọ̀ lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Bí a bá fipá pa ètò tí ń dúró, fáìlì ojúlé náà a ṣẹ́kù, bí ilé tí onílé ti kó kúrò tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Ètò tuntun kò ní lè gba ibẹ̀ àfi bí a bá kọ́kọ́ pa á rẹ́. Iṣẹ́ unlink-early nìyẹn. Èkejì ni àṣẹ ìwọlé. Ẹni tí ó bá lè kọ̀wé sí ojúlé Docker, /var/run/docker.sock, lè di ọ̀gá lórí gbogbo kọ̀ǹpútà náà níbi tí Docker bá ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àṣẹ root. Nítorí náà ni a ṣe fi 660 sí i, kí onílé àti ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan lè wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.