Géèmù Black Panther Tí À Ń Retí: Kí Ló Dé Tí Kò Tíì Dé?

 

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a wọlé, ọmọ JS2 kan wá bá mi níbi tí mo ti ń pọn omi. Ó kí mi tán, ó ní, “Sẹ́níọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti gbọ́ ọjọ́ tí géèmù Black Panther máa jáde? Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó ní òun máa rà á fún mi tí mo bá ṣe dáadáa nínú ìdánwò.” Àánú ọmọ náà ṣe mí. Géèmù tó ń sọ yẹn, wọ́n ti pa á tì láti oṣù karùn-ún ọdún 2025. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí ní bọ́ọ̀dìn: a kì í mú fóònù wọlé, nítorí náà ìròyìn máa ń pẹ́ kó tó kàn wá. Ọmọ ọlọ́mọ ti ń kàwé mọ́jú nítorí ohun tí kò sí mọ́.

Nígbà tí mo wádìí káàkiri họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo rí i pé kì í ṣe òun nìkan. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó yé gbogbo wa: géèmù wo là ń retí, kí ló fà á tí kò fi dé, kí ló sì kàn wá níbẹ̀?

Kí ló kan ará Bìní nínú Wakanda?

Inú ìwé kómíìkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni Black Panther ti kọ́kọ́ yọjú ní ọdún 1966. Stan Lee àti Jack Kirby ló dá a sílẹ̀. Ọba Wakanda ni, ìyẹn ilẹ̀ àfinúrò kan ní Áfíríkà tí òyìnbó kò ṣẹ́gun rí, tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ibẹ̀ sì ju ti gbogbo ayé lọ nítorí irin kan tí wọ́n ń pè ní vibranium. Ní ọdún 2018 ni Ryan Coogler darí fíìmù rẹ̀. Fíìmù náà pa owó tó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar mẹ́ta. Apá kejì, Wakanda Forever, jáde ní 2022.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo fíìmù àkọ́kọ́ yẹn á rí i pé ilé wa wà nínú rẹ̀. Lápá ìbẹ̀rẹ̀, inú igbó Sambisa ní Nàìjíríà níbí ni T'Challa ti lọ gba àwọn obìnrin tí wọ́n jí gbé sílẹ̀. Ìlù tó ń dún tí ọba bá yọ, tama ni, ìlù ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl tó jọ gángan wa bí ìbejì. Ibi tó wá kan àwa tí a wà ní Ìlú Bìní gbọ̀ngbọ̀n ni ibi tí Killmonger ti dúró nínú mùsíọ́ọ̀mù kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tó nàka sí ohun ìjà kan, tó sì sọ fún obìnrin tó ń mójú tó ibẹ̀ pé Bìní ni àwọn ọmọ ogun òyìnbó ti kó o, ṣùgbọ́n pé Wakanda ló ni ín.

Wakanda àti ohun ìjà yẹn, àròsọ ni. Ohun tí òyìnbó kó ní Bìní kì í ṣe àròsọ. Oṣù kejì ọdún 1897 ni wọ́n wọ ìlú yìí. Wọ́n dáná sun ààfin, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ idẹ àti eyín erin lọ, wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, níbi tó wà títí ó fi wàjà ní 1914. Ẹni tó bá ti dé Òpópó Igun rí, tó rí àwọn tó ṣì ń rọ idẹ níbẹ̀ dòní, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ fíìmù lásán.

Ẹ wá ro ó wò: nínú fíìmù, òǹwòran ni ẹ́. Ibi tí olùdarí bá gbé kámẹ́rà sí nìkan lo lè rí. Nínú géèmù, ọwọ́ rẹ ni gbogbo ẹ̀ wà. Ìwọ lo máa rìn wọ ọjà Wakanda, ìwọ lo máa fò lórí òrùlé, ìwọ lo máa pinnu bóyá kí o jà tàbí kí o sá. Ta ni kò ní retí ẹ̀?

Méjì ni géèmù náà

Ohun tó ń da orí ọ̀pọ̀ wa rú ni pé géèmù méjì là ń pè ní ọ̀kan.

Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí EA, àwọn tó ṣe FIFA tí gbogbo wa mọ̀, kéde ní oṣù keje ọdún 2023. Ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ fún un, Cliffhanger Games, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ìtàn Black Panther ni ì bá dá lé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, EA dá iṣẹ́ náà dúró, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn Cliffhanger pa. Ó parí.

Ìkejì ni Marvel 1943: Rise of Hydra, tí Skydance New Media ń ṣe. Amy Hennig, obìnrin tó kọ ìtàn Uncharted, ló ṣíwájú wọn. Kì í ṣe T'Challa ló wà nínú eléyìí o. Azzuri, bàbá bàbá T'Challa, ni Black Panther ibẹ̀. Òun àti Captain America jọ wà ní Paris nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lásìkò tí Jámánì gba ìlú náà. Ọdún 2025 ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún un. Wọ́n sún un sí ìbẹ̀rẹ̀ 2026, wọ́n sì tún sún un kọjá ibẹ̀. Nítorí náà, ọ̀kan ti kú, ìkejì ṣì wà lójú ọ̀nà.

Kí ló ń mú un pẹ́ tó báyìí?

Ohun àkọ́kọ́ ni àṣẹ. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù kọ́ ló ni ìtàn náà. Marvel ló ni ín, Disney ló sì ni Marvel láti 2009. Ẹni tó bá fẹ́ lo akọni wọn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kí ó sanwó, kí ó sì máa fi iṣẹ́ hàn wọ́n kí wọ́n lè sọ pé ó dáa tàbí kò dáa. Bí ẹni tó yá agbádá wọ lọ sóde ni: kò lè gé e kúrú nítorí pé ó gùn jù fún un.

Ìkejì ni pé iṣẹ́ géèmù ju ti fíìmù lọ níbì kan. Bí òṣèré fíìmù kò bá ṣí ilẹ̀kùn kan, kò sẹ́ni tó máa béèrè ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Pákó lásán lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta géèmù á fẹ́ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Á fẹ́ gun igi, á fẹ́ fọ́ ìkòkò, á fẹ́ bá ìyá aláta sọ̀rọ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti jókòó ya ìkòkò yẹn, ẹlòmíì á kọ ètò tó máa mú un fọ́, ẹlòmíì á wá ohùn fífọ́ ẹ̀, àwọn mìíràn á sì ta géèmù náà lọ́sàn-án lóru láti wá àṣìṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ń gbà.

Ìkẹta ni owó. Ní gbogbo ọdún yẹn, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde, kò sì sí kọ́bọ̀ kan tó ń wọlé. Àwọn ọ̀gá á wá jókòó ṣírò. Nígbà tí EA pa ti Black Panther tì, ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn fẹ́ gbájú mọ́ àwọn géèmù àwọn tó ti lórúkọ, bíi Battlefield àti The Sims. Ọmọ tó ń retí ní Bìní kò sí nínú ìṣirò yẹn.

Àmọ́ kí á má dá pípẹ́ nìkan lẹ́bi. Ẹ gbọ́ ìtàn E.T. Fíìmù nípa ẹ̀dá kan tó wá láti ayé mìíràn ni, ó sì gbayì gan-an ní 1982. Ilé-iṣẹ́ Atari fẹ́ kí géèmù rẹ̀ jáde kí Kérésìmesì ọdún yẹn tó kọjá, nítorí náà nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni wọ́n fún Howard Scott Warshaw láti ṣe é. Ó ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò gbádùn ẹ̀. Èyí tí wọn kò rí tà pọ̀ débi pé wọ́n lọ rì í mọ́lẹ̀ ní aṣálẹ̀ New Mexico ní 1983, pẹ̀lú àwọn ọjà wọn mìíràn. Ní 2014, àwọn kan lọ hú u jáde. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Èyí tó dé ńkọ́?

Bí a ṣe ń wo ọ̀nà Wakanda, ohun kan ti gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan, Tolu Olowofoyeku àti Olufikayo Ziki Adeola, ọmọ Nàìjíríà, àti Hamid Ibrahim, ọmọ Uganda, dá Kugali sílẹ̀ láti máa sọ ìtàn Áfíríkà nínú kómíìkì. Ní 2019, wọ́n fẹnu ara wọn sọ fún BBC pé àwọn máa borí Disney ní Áfíríkà. Disney gbọ́. Dípò kí wọ́n bínú, wọ́n pè wọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe ni Iwájú, kátúùnù nípa Èkó ọjọ́ iwájú, níbi tí ọkọ̀ ti ń fò lójú ọ̀run. Ọmọ olówo ni Tola, Erékùṣù ló ń gbé. Kole, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mọ ẹ̀rọ tú palẹ̀, ará òdìkejì ọ̀sà ni. Ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2024 ló jáde.

Géèmù rẹ̀ sì jáde lọ́dún kan náà. Orúkọ rẹ̀ ni Disney Iwájú: Rising Chef, Maliyo Games ló sì ṣe é, ilé-iṣẹ́ tí Hugo Obi dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 2012. Orí fóònù ni wọ́n ti ń ta á. Ìwọ ni alásè: o máa se oúnjẹ ilẹ̀ wa fún àwọn oníbàárà kí sùúrù wọn tó tán.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: “Ṣé géèmù náà nìyẹn? Mo fẹ́ jà, ẹ ní kí n wá dáná!” Òótọ́ ni, kò tó Wakanda ní títóbi. Ṣùgbọ́n ó dé. Wọ́n gé e níwọ̀n tí apá wọn ká, wọ́n sì gbé e sórí fóònù tó wà lọ́wọ́ ènìyàn dípò PlayStation tí púpọ̀ nínú wa ń lọ wò nílé aládùúgbò.

Síbẹ̀, Disney ló ṣì ni àṣẹ Iwájú. Àwọn kan ní Johannesburg tiẹ̀ ti gba ọ̀nà mìíràn. Nyamakop lorúkọ ilé-iṣẹ́ wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, wọ́n kéde Relooted, géèmù nípa ọjọ́ iwájú níbi tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti ń wọ mùsíọ́ọ̀mù ilẹ̀ òkèèrè lọ kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wa padà wálé. Ohun tí Killmonger fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣe, wọ́n fi odindi géèmù ṣe é. Wọn kò tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ Marvel, nítorí ìtàn tiwọn ni. Kò sí ọ̀gá kan ní Amẹ́ríkà tó lè jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan kó ní ìtàn yẹn kò wu òun mọ́.

Ohun tó kù sọ́wọ́ wa

Mo sọ òótọ́ fún ọmọ JS2 yẹn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Sẹ́níọ̀, ṣé kí n kúkú ní kí ẹ̀gbọ́n mi ra bàtà bọ́ọ̀lù?” Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. A-gbójú-lógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta, wọ́n sì sọ pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Scratch, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ JS1 lè fi ṣe géèmù kékeré. Bí a bá lè lo yàrá kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, a lè mú àlọ́ Ìjàpá kan ṣoṣo, kí á sọ ọ́ di géèmù kó tó di ọjọ́ àṣà.

Ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà náà wúlò o, nítorí iṣẹ́ wa ni èdè. Ẹ jẹ́ ká ní géèmù kan sọ fún obìnrin kan pé, “Mú ọkọ rẹ lọ sóko”, láìfi àmì sí i dáadáa. Ṣé ọkọ́ tí yóò fi roko ni, àbí ọkọ̀ tí yóò wà, àbí ọkọ tó fẹ́ ẹ sílé? Akọ̀tò kọ̀ǹpútà tó mọ iṣẹ́ jù lọ ní Amẹ́ríkà kò lè bá wa yanjú ìyẹn. Ọmọ ẹgbẹ́ yìí lè yanjú ẹ̀ kí agogo oúnjẹ tó lù.

Ẹni tó bá fẹ́ bá wa ṣe é, yálà o lè yàwòrán, o lè kọ̀tàn, tàbí o lè lùlù tí a máa gbà sílẹ̀, kí o fi orúkọ rẹ sílẹ̀ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ Sátidé. Orúkọ ọmọ JS2 yẹn ti wà níbẹ̀. Òun ló ní kí Ìjàpá máa fò lórí òrùlé bíi Black Panther. Mo ní a máa wò ó.